Orúkọ Yéjídé Ni Rufus Fi Ṣí Fáìlì Náà

Àwọn ènìyàn kan wà, tí wọ́n bá ti mọ bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa rìn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá iná mànàmáná sáyé. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ara wọn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa, ló jókòó, ló sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi òun kọ́gbọ́n. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò bá a ṣe àdéhùn pé màá fi oyin sí i.

Rufus ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Oǹdó ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní olú ọ́fíìsì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n ní: ọ̀kan ní Àkúrẹ́, ọ̀kan ní Oǹdó, ọ̀kan ní Ìgbàrà-Òkè, ọ̀kan ní Ìta-Ògbólú. Máàkì gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, inú dátábéèsì kan ṣoṣo ló wà ní ọ́fíìsì yẹn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣe ìdánwò.

Ẹ má rò pé Rufus ló ń ṣe iṣẹ́ náà o. Yéjídé ló ń ṣe é.

Ọmọ Oǹdó ni Yéjídé náà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ọmọ tí kì í pariwo. Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti ń ṣe iṣẹ́ onígbà díẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún un pé lọ́la, lọ́túnla, wọ́n á gbà á pátápátá. Lọ́dún yìí, Màmá Akíntóyè tí í ṣe olùdarí àgbà ti sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé tí máàkì ọdún yìí bá ti lọ láìsí àṣìṣe, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ Yéjídé á jáde ní ìparí oṣù. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Yábà, nílùú Oǹdó, ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ọmọ náà ní láyé nìyẹn: lẹ́tà tí kò tíì rí gbà, àti orúkọ rere tó fi ń wá a.

Nǹkan kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tí ẹ ní láti mọ̀. Orúkọ Yéjídé nìkan ni kọ̀ǹpútà ńlá tí dátábéèsì wà nínú rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà, òun ni wọ́n rán lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí àwọn ọ̀gá kò ráyè. Ẹ ṣáà mọ àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì wa. Wọn kì í tẹ nǹkan fúnra wọn. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ọmọdé, wọ́n á máa nàka. Bí pásíwọ́ọ̀dù Yéjídé ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn, tí wọ́n kọ ọ́ sí páálí pélébé, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀, Yéjídé ni kọ̀ǹpútà ń pè é.

Láràárọ̀ tí wọ́n bá ṣí dátábéèsì náà, ìlà yẹ́lò kan á yọ lókè. Ìkìlọ̀ ni. Ó ń sọ pé fáìlì yìí ní nǹkan nínú tó lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, pé òun ti dá a dúró ná, kí ẹni tó ń ṣí i wò ó bóyá ó mọ ibi tó ti wá. Tó bá mọ̀ ọ́n, kó tẹ ibi tí wọ́n kọ “Enable Content” sí láti gbà á láàyè. Yéjídé máa ń kà á. Á wo orúkọ fáìlì, á wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, á wá tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ìṣẹ́jú kan yẹn ló ń bí Rufus nínú. Èmi bi í léèrè ohun tó ń lé e. Ọkùnrin tó ń fi wákàtí méjì wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù lẹ́nu iṣẹ́, òun ni kò lè dúró ti ìṣẹ́jú kan.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó pe Goodness, ọmọ Ìkàrẹ́ tó máa ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, ó ní kó wá wo ọmọ tó ń ka ìkìlọ̀ bí ẹni ń ka Sáàmù. Goodness kò rẹ́rìn-ín. Rufus ní kí Yéjídé dìde. Ó jókòó, ó wọ ibi ètò ẹ̀rọ náà, ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé fódà tí máàkì wà nínú rẹ̀ kò léwu, pé ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, kó máa ṣí i láìsọ̀rọ̀. Ìlà yẹ́lò náà kò yọ mọ́. Rufus na apá rẹ̀ bí ẹni tó gbẹ́ kànga.

Yéjídé ló sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa kìlọ̀. Bí ẹ ṣe ṣe é yìí, fáìlì burúkú tó bá ṣèèṣì bọ́ sínú fódà yìí, á ṣí láìbi ẹnikẹ́ni, á sì bá máàkì àwọn ọmọ níbẹ̀.”

“Ta ló ni ẹ̀ka yìí,” ni Rufus dáhùn, “èmi àbí ìwọ?”

Yéjídé ní kí ọ̀gá má bínú. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Rufus wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Oǹdó, wọ́n sì ní ojúde kan lórí Wọ́sáàpù tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí sẹ́ẹ̀tì ṣe ń rí. Ọ̀kan ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀kan ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàkà, ọ̀kan ń fi àwòrán ilé tó kọ́ síbẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Rufus kò ní àwòrán ilé kankan. Ohun tó ń fi síbẹ̀ ni ọgbọ́n. Tí fóònù ẹnì kan bá yọnu, òun á ti gbé ohùn jáde, á máa kọ́ wọn bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó gbádùn rẹ̀ ju owó oṣù lọ. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o, kì í ṣe èmi.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ sẹ́ẹ̀tì wọn kan tí ń jẹ́ Ọlọ́runníyì, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Àkúrẹ́, fi fáìlì kan síbẹ̀. Ó ní ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní dátábéèsì orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn sí ipò olùdarí ètò ẹ̀kọ́ ni, pé wọ́n sì ní orúkọ ọmọ sẹ́ẹ̀tì wọn kan wà níbẹ̀. Òun ò rí i ṣí. Àwọn tó kù náà gbìyànjú, kò ṣí lórí fóònù wọn. Ẹni méjì tó ní kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ àwọn kọ̀ ọ́.

Rufus tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ sẹ́ẹ̀tì kan tó wà nínú iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ta ni ì bá tún jẹ́? Ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga. Ó ní òun tilẹ̀ ti ń ro irú aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ́jọ́ ìbúra. Mo gbọ́ èyí, mo gbé bírò mi sílẹ̀, mo wò ó. Kò tilẹ̀ tì í lójú.

Kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù méjì, ọ̀gá kọ̀ǹpútà tí kò lè tún kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ṣe. Kọ̀ǹpútà ńlá ló kù, Yéjídé ló sì wà lórí rẹ̀, ó ń tẹ máàkì àwọn ọmọ Ìgbàrà-Òkè. Rufus dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ebi ń pa òun, kó bá òun lọ ra iyán. Yéjídé ní ṣé lọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ni. Rufus ní rárá, ti Ìsọ̀lọ̀ ni òun fẹ́, kí wọ́n sì fi ẹja sí i. Inú Àkúrẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà Ọ̀dà lọ sí Ìsọ̀lọ̀, kó sì padà, ó máa tó wákàtí kan. Yéjídé dìde, ó mú àpò rẹ̀, ó lọ.

Rufus jókòó sórí àga tó ṣì gbóná. Ó fi wáyà so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó gbé fáìlì Ọlọ́runníyì sórí rẹ̀, ó ṣí i.

Kì í ṣe ìlà yẹ́lò ló yọ lọ́tẹ̀ yìí. Pupa ni. Kọ̀ǹpútà ní ibi tí fáìlì yìí ti wá kò ṣe é fọkàn tán, òun ti dí i. Kò tilẹ̀ sí bọ́tìnì tí ènìyàn lè tẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n á dìde. Òmùgọ̀ pàápàá, tó bá ti rí pupa, á wò yíká. Rufus pòṣé. Ó rántí fódà tó ti sọ pé kò léwu, èyí tí máàkì àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ohunkóhun tó bá bọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ á ṣí i láìsọ̀rọ̀. Ó ní òun rántí ohun tí Yéjídé sọ lọ́jọ́ Ajé, òun rántí rẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Mo ní kí ló wá ṣe. Ó ní òun sọ sínú ara òun pé ọmọdé ni.

Ó gbé fáìlì náà síbẹ̀. Ó ṣí i. Ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan.

Orúkọ bíi ogójì ló wà níbẹ̀. Kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó wá orúkọ tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà mẹ́ta, kò sí. Kò sí ti ọmọ sẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ̀tàn lásán ni orúkọ tí wọ́n kó síbẹ̀. Ó pa á, ó yọ wáyà.

Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀, bóyá ìtàn yìí ì bá má gùn. Ṣùgbọ́n àwọn méjì ti sọ ní ojúde wọn pé ẹ̀rọ àwọn kọ fáìlì náà, ojú Rufus kò sì lè rí ibi tí wọ́n ti nílò olùkọ́ kó kọjá. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó fi í síbẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ohun tó sọ láìpẹ́.

Yéjídé gbé iyán dé. Rufus jẹ ẹ́ tán, ó jẹ ẹja rẹ̀, ó ṣan ọwọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Yéjídé pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kí ọ̀gá wá wo nǹkan. Gbogbo máàkì ti dà rú. Ibi tí orúkọ ọmọ wà, àmì játijàti ló wà níbẹ̀. Ibi tí máàkì wà, bákan náà. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́sàn-án, ọdún mẹ́ta, ó ti di pàǹtírí. Wọ́n ṣí ti Oǹdó, pàǹtírí. Wọ́n ṣí ti Àkúrẹ́, pàǹtírí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù tí wọ́n máa fi í ránṣẹ́.

Rufus mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti máa ṣe ẹ̀dà dátábéèsì náà pamọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà, èyí tí wọ́n rí ti pé ọdún kan ó lé. Kò rántí láti ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ dí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Akíntóyè pe ìpàdé. Òun, Rufus, Yéjídé àti Goodness ni wọ́n jókòó. Goodness ti yẹ ẹ̀rọ náà wò láti òwúrọ̀. Ó ní fáìlì àjèjì kan ló bọ́ sínú fódà náà lánàá, ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní orúkọ ẹni tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ pé ó ṣí i ni Yéjídé.

Yéjídé ní òun kò sí níbẹ̀ ní àkókò yẹn. Ó ní Ọ̀gá Rufus ló rán òun lọ ra iyán ní Ìsọ̀lọ̀.

Màmá Akíntóyè yíjú sí Rufus.

“Rufus, ṣé o rán an?”

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí gan-an ni mo ti kórìíra ọkùnrin náà. Kò sí ẹni tó fi ìbọn sí i létí. Kò sí ẹni tó ní wọ́n máa lé e. Ohun tí wọ́n bi í kò ju iyán lọ. Ó ní gbogbo nǹkan tí òun ń rò nígbà yẹn ni ohun tí àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì máa sọ tí wọ́n bá gbọ́ pé fáìlì ẹ̀tàn ló gbé òun ṣubú.

“Rárá o, mà,” ló wí. “Mi ò rán an níbì kankan.”

Yéjídé kò sunkún.

“Ọ̀gá,” ló wí, “ẹ ní kí wọ́n fi ẹja sí i.”

Rufus ní òun ò mọ ohun tí ọmọ yìí ń sọ. Kò tilẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó tún fi kún un pé àwọn ọmọ òde òní, wọ́n máa ń wá iṣẹ́ mìíràn kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti rí fáìlì náà. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin dúró de lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń sọ èyí sí.

Màmá Akíntóyè ní kí Yéjídé máa lọ sílé títí di ọjọ́rú, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tó ku kí olùdarí buwọ́ lù ú, wọ́n dá a padà sínú dúróà.

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú Yéjídé dé Oǹdó. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ní máàkì nínú dátábéèsì yẹn láti ilé-ẹ̀kọ́ Oǹdó. Àwọn òbí wọn bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ilé ìyá Yéjídé ní Yábà. Àwọn kan wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan kò bèèrè nǹkan kan, wọ́n kàn wá sọ ohun tó wà nínú wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá náà kò lè lọ bá wọn kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Rufus ń kọ́? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó rántí ohùn tó fi sí ojúde sẹ́ẹ̀tì. Ó yára mú fóònù, ó di ohùn náà mú, ó ní kí fóònù pa á rẹ́. Fóònù bi í léèrè bóyá kí òun pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn, tàbí fún Rufus nìkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Rufus kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tẹ èyí tí àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ohùn náà pòórá lójú rẹ̀. Ó lọ sùn.

Ọjọ́rú pé. Rufus wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà ìdádúró Yéjídé, ó wà níwájú Màmá Akíntóyè. Yéjídé ti Oǹdó wọ ọkọ̀ wá, ojú rẹ̀ ti wọlé. Goodness jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Màmá Akíntóyè kò fọwọ́ kan lẹ́tà. Ó gbé fóònù kan lé orí tábìlì. Ó ní kì í ṣe fóònù òun, ti ọkọ òun ni. Ó ní nígbà tí àwọn ń jẹun lálẹ́ àná, òun sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ ṣí fáìlì tó ba máàkì jẹ́ fún un, ọkọ òun sì dá ṣíbí dúró. Ó ní kí òun gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ sẹ́ẹ̀tì Rufus ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè. Rufus mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé ìdí kan tí òun fi ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n ní ojúde yẹn ni kí ọkùnrin náà lè ròyìn òun fún ìyàwó rẹ̀. Ó ròyìn rẹ̀ lóòótọ́.

Ohùn náà jáde, ó tẹ́jú, ó kún fún ara rẹ̀:

“Ẹ̀yin ọmọ sẹ́ẹ̀tì, ẹ kú ọ̀sán o. Fáìlì Ọlọ́runníyì tí ẹ ní ẹ̀rọ yín kọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i tán báyìí. Tí ẹ bá rí ìlà pupa, ẹ má dá a lóhùn, ọmọdé ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà. Ẹ gbé e sínú fódà tí ẹ ti sọ fún ẹ̀rọ pé kò léwu, á ṣí wẹ́rẹ́. Mo ti rí orúkọ ẹni wa níbẹ̀, mi ò ní dárúkọ, ẹ máa gbọ́. Ọmọbìnrin kan wà lọ́fíìsì mi tó máa ń ka gbogbo ìkìlọ̀, mo ti rán an lọ ra iyán ní Ìsọ̀lọ̀ kó má baà dà mí láàmú.”

Màmá Akíntóyè dá ohùn náà dúró.

Ẹ gbọ́ ohun tí Rufus sọ. Ó ní nísinsìnyí, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn ènìyàn, pé ó lè jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é.

Goodness fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá Akíntóyè ní kò tíì tán, ó sì tún tẹ fóònù náà. Ilẹ̀kùn dún nínú ohùn yẹn. Ohùn Yéjídé wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ máa jẹun, wọ́n fi ẹja sí i.” Rufus sì dáhùn pé ó káre.

Rufus wólẹ̀. Iwájú olùdarí ló wólẹ̀ sí, táì rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí mọ̀nmí ṣàánú òun, òun ní ìyàwó, òun ní ọmọ. Yéjídé wà lórí àga tí kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí i. Rufus kò yíjú síbẹ̀. Màmá Akíntóyè ló sọ fún un pé ẹni tó yẹ kó bẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dìde, ó fa lẹ́tà ìdádúró náà ya.

Wọ́n gba ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Rufus. Wọ́n gbé e lọ sí Ìta-Ògbólú, kó máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé kíkà sí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Yéjídé padà sórí àga rẹ̀. Ó gba ìwé máàkì tí àwọn tíṣà fi ọwọ́ kọ láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tún máàkì ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́sàn-án tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun pẹ̀lú Goodness, fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó kọ́kọ́ dá ìlà yẹ́lò padà, ó yí pásíwọ́ọ̀dù, ó sì ya páálí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Máàkì lọ nígbà tó yẹ. Ní ìparí oṣù, lẹ́tà rẹ̀ jáde.

Ẹ rò pé ó parí. Kò parí.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ti wọ gbogbo ilé ní Oǹdó, ìròyìn kejì kò dé ibì kankan. Lójú àwọn òbí yẹn, Yéjídé ni ọmọ tó ba ọjọ́ iwájú ọmọ wọn jẹ́, tí olùdarí wá ṣàánú. Ìyá kan tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Yéjídé. Ìyá náà kò padà sí ẹgbẹ́ akọrin.

Rufus mú Ọlọ́runníyì dání, ó gbé páálí máltì kan, ó lọ tọrọ àforíjì ní Yábà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àti ọmọ. Ọlọ́runníyì bẹ̀bẹ̀ títí. Yéjídé jẹ́ kí wọ́n parí, ó wá ní kí wọ́n gbé máltì wọn lọ, òun ò bínú. Nǹkan kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Ìpàdé àwọn òbí ilé-ẹ̀kọ́ Oǹdó máa wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀. Kí Ọ̀gá Rufus dìde níbẹ̀, kó sọ fún wọn pé òun ló ṣí fáìlì náà.

Rufus ní ohunkóhun mìíràn, òun á ṣe é. Kì í ṣe ìyẹn. Ó ní ẹbí òun wà ní Oǹdó, àna òun máa ń wá sí ìpàdé yẹn.

Ìyá Yéjídé ló dá a lóhùn.

“Èmi náà ní ẹbí ní Oǹdó.”

Sátidé dé, àwọn òbí pé jọ, Rufus kò lọ. Ó ní ibà ń ṣe òun. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ibà ti lọ, ó sì wọ ọkọ̀ wá bá mi. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀, pé òun fẹ́ jẹ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn wa, kí gbogbo ayé kà á. Mo ní ó káre. Nígbà tó sọ tán, tó dìde, ó di ẹnu ilẹ̀kùn kó tó sọ èyí tó kù. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n yí orúkọ òun padà, kí n sì má dárúkọ Oǹdó.

Mo bi í léèrè orúkọ ta ni kí n fi síbẹ̀. Ó ní èyíkéyìí, kó ṣáà ti jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Orúkọ rẹ̀ ni Rufus Akínbọ̀wálé. Ọmọ Oǹdó ni. Ẹ̀yin òbí ilé-ẹ̀kọ́ Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ ní Oǹdó, òun ló ṣí fáìlì náà. Kì í ṣe Yéjídé.